Ìwé Wo Ni Ká Kọ́kọ́ Ṣí? Ìfiwéra Àkọsílẹ̀ Káúńtì fún Ẹni Tó Ń Wá Atẹ̀dó àti Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ayé Àtijọ́ ní Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé Amẹ́ríkà ló ti bá àwọn Adúláwọ̀ ibẹ̀ dána. Bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé pé wọ́n ní kí òun kọ orúkọ àwọn baba ńlá òun wá, apá ọ̀dọ̀ tiwa kì í pẹ́: a ó tẹ màmá àgbà láago, wọn á sì máa ka oríkì lọ títí owó orí fóònù á fi tán. Apá kejì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Àna wa á ní àwọn gbọ́ pé alágbẹ̀dẹ ni baba ńlá àwọn níbì kan ní Kansas, ọ̀rọ̀ á sì dúró síbẹ̀.

Kò yẹ kó dúró síbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, káúńtì, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ló ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, ìwé gbèsè, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ogún. Ẹni tó bá ti ra nǹkan, tó jẹ gbèsè tàbí tó kú sínú káúńtì kan, ó ṣeé ṣe kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kan níbẹ̀. Ìwé ọ̀hún ló pọ̀, owó wọn ò dọ́gba, òótọ́ inú wọn ò sì dọ́gba.

Káúńtì Graham, ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Kansas, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni ìlú Nicodemus wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1877. Àwọn Adúláwọ̀ tó ti ṣe ẹrú rí ní Kentucky ló pọ̀ jù nínú àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó. Igi ò tó nǹkan ní pápá ibẹ̀, nítorí náà wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń sùn sínú rẹ̀. Ìlú náà ṣì wà dòní, ìjọba àpapọ̀ sì sọ ọ́ di ibi ìtàn orílẹ̀-èdè ní 1996. Bó bá sì jẹ́ ará Sweden tàbí ará Jámánì tó lọ dáko ní Iowa tàbí Nebraska lẹ ń wá, irú ìwé kan náà lẹ máa ṣí.

Ohun mẹ́rin ni mo fi ń wọn àwọn ìwé yìí. Ó máa ń kan owó kọ́kọ́: ṣé ọ̀fẹ́ ni, àbí ẹ ó san? Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló kọ ọ́, kí ló sì fẹ́ rí gbà nínú rẹ̀? Ta ni ìwé náà yọ sílẹ̀, torí obìnrin, tálákà àti ẹni tí kò nílẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fò? Èyí tó jẹ́ ti oníṣẹ́ ọwọ́ gan-an ló kẹ́yìn: ṣé ìwé náà sọ iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe, àbí orúkọ àti ọjọ́ orí nìkan? Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí. Ìwé tí gbèsè tàbí ikú fà ni mo gbà gbọ́ ju ìwé tí èèyàn fi owó ara rẹ̀ ṣe kí wọ́n lè yìn ín.

Ìwé ìkànìyàn

Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì burú. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni ìjọba àpapọ̀ ń ka èèyàn. Láti 1850 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ẹrú yàtọ̀: ní 1850 àti 1860, orúkọ ẹni tó ni wọ́n ni wọ́n kọ, wọ́n wá to ọjọ́ orí wọn àti bóyá akọ ni wọ́n tàbí abo sábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé 1870 ni ọ̀pọ̀ ìdílé Adúláwọ̀ kọ́kọ́ fara hàn lórúkọ. Ti 1880 ló wúlò jù fún irú Nicodemus, torí ó sọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́ sí baálé, ó sì sọ ibi tí wọ́n ti bí bàbá àti ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn 1880 ni ọ̀nà já. Iná jó ìwé ìkànìyàn 1890 ní Washington ní oṣù kìíní 1921, díẹ̀ báyìí ló ṣẹ́ kù. Ogún ọdún gbáko ló wá ṣófo láàárín 1880 àti 1900, ìgbà tí àwọn atẹ̀dó ń kọ́lé, tí wọ́n ń bímọ, tí wọ́n sì ń ṣí kiri gan-an. Ìkànìyàn tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ló ń dí àlàfo yẹn. Kansas ka tirẹ̀ ní 1885 àti 1895, wọ́n sì béèrè ibi tí èèyàn ti wá kó tó dé Kansas. Bí ìdáhùn bá jẹ́ Kentucky, ọ̀nà ti là nìyẹn. Iowa tún ṣe é dáadáa: ìkànìyàn rẹ̀ ti 1925 béèrè orúkọ bàbá àti ìyá, títí kan orúkọ tí ìyá ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ.

Ìkànnì méjì tí wọ́n ti ń wá ìwé ìdílé ni FamilySearch àti Ancestry. Lórí owó, ọ̀fẹ́ ni FamilySearch bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀. Ancestry ń gba owó, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ìjọba ní í lórí kọ̀ǹpútà wọn, ẹ lè lọ jókòó síbẹ̀ lò ó láì san kọ́bọ̀. Ẹ má ṣe tíì yọ káàdì báńkì jáde.

Ní ti ìgbẹ́kẹ̀lé, ẹ fojú ṣọ́ ọ. Akọ̀wé tó ń gẹṣin kiri kọ orúkọ bó ṣe gbọ́ ọ, bí kò bá sì bá onílé, aládùúgbò ló ń dáhùn. Ọjọ́ orí lè fò sókè fò sílẹ̀ láti ìkànìyàn kan sí èkejì. Ibi tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ sí kéré, iṣẹ́ kan ni wọ́n sì máa ń kọ síbẹ̀. Zachary Fletcher, tó jẹ́ olórí ilé ìfìwéránṣẹ́ àkọ́kọ́ ní Nicodemus, tún ń ṣe òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Ẹ wo bí ìlà kan ṣe fẹ́ gba irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ti obìnrin tún wá burú jù: alágbàfọ̀ tàbí agbẹ̀bí tó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ ilé, wọ́n lè kọ ọ́ pé ó ń tọ́jú ilé, kó parí síbẹ̀.

Ìwé ìkànìyàn kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ṣí, ìyẹn ti àwọn tó ń ṣe ọjà jáde. Láti 1850 dé 1880, ibi iṣẹ́ tó bá ń ṣe ọjà tó tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là lọ́dún ni wọ́n kọ síbẹ̀, pẹ̀lú owó tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, iye òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti ohun tó ń ṣe jáde. Bí alágbẹ̀dẹ yín bá wọ inú rẹ̀, ẹ ti là. Àmọ́ ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ abúlé ni owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà bẹ́ ò bá rí i, kò túmọ̀ sí pé kò sí.

Ìwé ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀

Ààrẹ Lincoln fọwọ́ sí òfin Homestead ní 1862. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tàbí tó jẹ́ olórí ìdílé lè gba ilẹ̀ tó tó ọgọ́jọ éékà, kó gbé orí rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kó dáko síbẹ̀, ilẹ̀ á sì di tirẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè, ó sì lè jẹ́ àjèjì tó ti kéde pé òun fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè. Obìnrin tí kò lọ́kọ náà lè gbà á.

Ìwé méjì ló wà níbí, ẹ má ṣi wọ́n pọ̀. Èkíní ni ìwé àṣẹ tí wọ́n fún un nígbà tí ilẹ̀ di tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ nìyẹn lórí ìkànnì ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀, Bureau of Land Management, ẹ ó rí àwòrán rẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò ju orúkọ, ọjọ́ àti àpèjúwe ilẹ̀ lọ. Èkejì ni fáìlì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí Ilé Àkójọ Ìwé Orílẹ̀-Èdè ní Washington ń tọ́jú. Inú fáìlì yẹn ni adùn wà. Ẹni tó ń gba ilẹ̀ ní láti dáhùn ìbéèrè: ìgbà wo lo dé ibẹ̀, irú ilé wo lo kọ́, ó fẹ̀ tó báwo, kànga ńkọ́, éékà mélòó lo ro, kí lo gbìn, àwọn mélòó lẹ wà nínú ilé? Ẹlẹ́rìí méjì á tún jẹ́rìí sí i, aládùúgbò sì ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Bí ẹ bá ka orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí ọ̀hún, ẹ lè bá àna tàbí àbúrò ìyàwó níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àjèjì ni, ìwé tó fi di ọmọ orílẹ̀-èdè wà nínú fáìlì kan náà.

Ẹ ó sanwó bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ ó sì dúró. Àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tí fáìlì wọn ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ tí kò parí: ọ̀dá mú wọn, tàbí owó tán, wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀. Irú wọn ò ní ìwé àṣẹ, nítorí náà wọn ò sí lórí ìkànnì ọ̀fẹ́ yẹn. Fáìlì wọn ṣì lè wà ní Washington.

Àbùkù ìwé yìí fún oníṣẹ́ ọwọ́ ni pé àgbẹ̀ ló ń rí. Aránbàtà tó yá yàrá kan lójú pópó kò gba ilẹ̀ ìjọba, kò ní fáìlì. Bákan náà, Kentucky, Texas àti àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́tàlá àkọ́kọ́ kò sí nínú ètò ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò síbẹ̀.

Ìwé inú kóòtù àti ọ́fíìsì káúńtì

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ń gba sùúrù jù.

Bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá kú, ilé ẹjọ́ ogún máa ń rán èèyàn lọ ka ẹrù rẹ̀, kí wọ́n lè san gbèsè rẹ̀ kí wọ́n sì pín ìyókù. Wọn ò ní torí ọ̀wọ̀ òkú fi nǹkan kan sílẹ̀: owú, ẹwìrì, ẹ̀mú, àjákù irin, ẹ̀gbà kẹ̀kẹ́ ẹrù tí kò tíì parí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ, pẹ̀lú iye tí wọ́n rò pé ó tó. Bí ẹ bá rí owú àti ẹwìrì, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún yín pé alágbẹ̀dẹ ni. Bó bá jẹ́ ìfági, ayùn àti òòlù ló kún ibẹ̀, káfíńtà nìyẹn. Nígbà mìíràn, orúkọ àwọn tó jẹ òkú lówó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn oníbàárà rẹ̀ nìyẹn.

Fún ẹni tó ṣì wà láàyè, ìwé ìdógò ni kẹ́ ẹ wá. Àwọn atẹ̀dó ò lówó lọ́wọ́, wọ́n sì máa ń fi ohun tí wọ́n ní dógò: ìbaaka, màlúù, kẹ̀kẹ́ ẹrù, irinṣẹ́, ohun ọ̀gbìn tí kò tíì gbó. Kí ẹni tó yáni lówó má bàa gba ìbaaka ẹlòmíràn, akọ̀wé máa ń ṣàpèjúwe ẹran náà: àwọ̀ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, àmì ara rẹ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè lórí irinṣẹ́ rẹ̀ ò lè parọ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ yá a lówó, ìdí nìyí tí mo fi fọkàn tán ìwé yìí.

Ní ti ìwé títa ilẹ̀, atọ́ka méjì ló máa ń wà, ti ẹni tó tà àti ti ẹni tó rà. Ẹ wo méjèèjì. Nígbà tí ọkọ bá ń ta ilẹ̀, ìyàwó sábà máa ń fọwọ́ sí i, ibẹ̀ lẹ sì ti lè rí orúkọ obìnrin tí kò sí níbòmíràn.

Ọ̀nà tó rọrùn jù báyìí ni wíwá inú ọ̀rọ̀ lórí FamilySearch. Láti 2024 ni wọ́n ti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka ìwé àfọwọ́kọ, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ogún Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè tẹ orúkọ, ẹ sì lè tẹ irinṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ káúńtì, ẹ wo ohun tó máa jáde. Òun á tún bá yín rí ẹlẹ́rìí àti aládùúgbò tí atọ́ka àtijọ́ kò kọ. Kò tíì kó gbogbo káúńtì, ó sì máa ń ṣi ọ̀rọ̀ kà, ẹ fi ojú ara yín wo àwòrán ìwé náà. Ìwé míì wà tó jẹ́ pé inú ilé ìkàwé tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nìkan lẹ ti lè ṣí i. Bí kò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì káúńtì, wọn á sọ iye tí ẹ̀dà jẹ́.

Ewu méjì ló wà níbí. Iná ti jó ọ̀pọ̀ kóòtù, ààlà káúńtì sì máa ń yí. Graham fúnra rẹ̀, 1880 ni ìjọba káúńtì tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n dá Nicodemus sílẹ̀. Ìwé àwọn ọdún mẹ́ta yẹn, káúńtì tó múlé gbè é ni ká ti wá a. Mo fẹ́ràn bí Graham ṣe bẹ̀rẹ̀: Edward McCabe, Adúláwọ̀, ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé káúńtì nígbà náà. Wọ́n sì dìbò yàn án ní 1882 láti máa yẹ ìwé owó ìpínlẹ̀ Kansas wò. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ káúńtì ń kọ orúkọ Adúláwọ̀ bó ṣe wù wọ́n, ọwọ́ Adúláwọ̀ ni kálàmù wà níbí.

Ẹ má retí ìwé ìbí. Kansas kò bẹ̀rẹ̀ sí í gba àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú jọ fún gbogbo ìpínlẹ̀ títí di 1911.

Ìwé ìtàn káúńtì

Láti bíi 1870 lọ títí wọ ọ̀rúndún ogún, àwọn ilé iṣẹ́ kan ń lọ láti káúńtì dé káúńtì, wọ́n ń tẹ ìwé ńláńlá tó kún fún ìtàn ìgbésí ayé àwọn ènìyàn pàtàkì. Ẹni tó bá ṣèlérí láti ra ìwé ni wọ́n máa ń kọ ìtàn rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ àwòrán rẹ̀ nínú rẹ̀ á san sí i. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwa tó mọ bí akéwì ṣe ń kì ẹni tó bá náwó, kò yẹ kí ìyẹn yà wá lẹ́nu. Kò sí ẹni tó jẹ gbèsè nínú ìwé yẹn, kò sí ọ̀lẹ, gbogbo wọn ló jẹ́ ọmọlúàbí. Obìnrin ò pọ̀ níbẹ̀, Adúláwọ̀ ṣọ̀wọ́n.

Síbẹ̀, mi ò ní ká jù ú nù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ẹni náà fúnra rẹ̀ ló sọ ibi tí wọ́n ti bí i, ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ti kọ́ṣẹ́ àti ìlú tó gbà kọjá. Ọ̀fẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn lórí Internet Archive, ìkànnì tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́. Ẹ gba ọ̀nà ìrìn àjò rẹ̀ gbọ́, ẹ fi ìyìn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ìwé ilẹ̀ dán ọdún tó wà níbẹ̀ wò.

Bí a ti wà níbẹ̀, ẹ má fi orúkọ ìdílé wá iṣẹ́. Lọ́dọ̀ wa, bí orúkọ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, a mọ̀ pé ìlù wà nílé yẹn. Ẹni tó ń jẹ́ Smith ní Nicodemus lè má fọwọ́ kan irin rí láyé rẹ̀.

Ìwé ìròyìn àdúgbò

Nicodemus ní méjì láàárín 1886 àti 1888, Western Cyclone àti Nicodemus Enterprise. Ìpolówó ọjà inú irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ́ ọwọ́ ti máa ń sọ ohun tó ń ṣe gan-an àti ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Wọ́n tún máa ń tẹ ìkéde ẹni tó fẹ́ parí gbígba ilẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí. Chronicling America, àkójọ ìwé ìròyìn àtijọ́ ti Library of Congress lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ìkànnì aládàáni ń gba owó. Olóòtú ìwé ìròyìn ìlú tuntun fẹ́ kí èèyàn kó wá síbẹ̀, nítorí náà ó máa ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀ ìlú. Ìpolówó ni kẹ́ ẹ kà, ẹ fo ọ̀rọ̀ olóòtú.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kọ̀ tí kò gba Nicodemus kọjá ní 1888, ọ̀pọ̀ oníṣòwò kó lọ síbi tí rélùwéè wà, ní Bogue. Àwọn àgbẹ̀ ló dúró. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ yín bá pòórá lẹ́yìn ọdún yẹn, ẹ wo ìlú kejì kí ẹ tó rò pé ó kú.

Ìwé báńkì àwọn tó di òmìnira

Bí ẹ bá fẹ́ padà sẹ́yìn kọjá Kansas, báńkì kan wà láti 1865 sí 1874, Freedman's Savings Bank, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn Adúláwọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di òmìnira. Ó ní ẹ̀ka ní Lexington àti Louisville ní Kentucky. Ẹni tó bá ṣí àkáǹtì níbẹ̀ lè ti sọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń bá ṣiṣẹ́, orúkọ ìyàwó, ọmọ, òbí àti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Báńkì náà wó, owó ọ̀pọ̀ èèyàn bá a lọ, ìwé rẹ̀ ló kù. Ó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí FamilySearch. Àwọn tó lówó láti fi pamọ́ nílùú ńlá ló wà níbẹ̀, ará oko kò pọ̀. Fún àwọn yẹn, ẹ wo ìwé tí Kentucky ṣí ní 1866 lọ́dọ̀ akọ̀wé káúńtì, níbi tí àwọn tó ti fẹ́ra wọn lóko ẹrú ti lọ kéde pé tọkọtaya ni àwọn.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ilé ìwé ọmọ ni, tí ẹ fẹ́ kó parí ní ìparí ọ̀sẹ̀, ìkànìyàn 1880 àti ti Kansas 1885 tó yín. Ẹ ò ní ná nǹkan kan.

Ẹni tó mọ̀ pé àgbẹ̀ ni baba ńlá àwọn, kó wá ìwé àṣẹ ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì fi owó tó bá ní ra ẹ̀dà fáìlì Homestead. Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, òun nìkan ni mo lè sọ pé kí èèyàn yọ owó fún láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń wá ará Yúróòpù tó wá tẹ̀dó náà, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ, torí ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè.

Alágbẹ̀dẹ, káfíńtà, bíríkìlà, aránbàtà, onígbàjámọ̀: ìwé ìdógò àti ìwé ogún káúńtì ni kẹ́ ẹ lọ bá, kẹ́ ẹ fi ìpolówó inú ìwé ìròyìn tì í lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ obìnrin lẹ ń wá, ìwé títa ilẹ̀ tí òun àti ọkọ jọ fọwọ́ sí ni, ẹ sì tún wo ìwé ogún ọkọ rẹ̀, pàápàá bó bá di opó.

Ìwé ìtàn káúńtì wà fún ẹni tí baba ńlá rẹ̀ lówó tí ó sì fẹ́ kí ayé mọ̀. Ìwé báńkì wà fún ẹni tó ti rí èèyàn rẹ̀ ní Kansas tó wá fẹ́ sọdá padà sí Kentucky.

Bó bá sì jẹ́ ohun tí àna yín mọ̀ kò ju "alágbẹ̀dẹ, níbì kan ní Kansas" lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1885, kí ẹ wá gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ẹ kọ káúńtì tí ẹ ti rí ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ wá máa gbé káúńtì wọ̀nyẹn lọ sínú ìwádìí FamilySearch níkọ̀ọ̀kan, orúkọ àti irinṣẹ́ pọ̀, títí èyí tí kì í ṣe tiyín á fi yọ kúrò.